Mo fẹ́ rìn káàkiri wá àwọn ìlù tó jọ gángan: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

GángánKubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé.

Onígángan ni mí ní Kubwa níbí. Ọjọ́ Sátidé, òde ìgbéyàwó ní Gwarinpa tàbí Lugbe. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò bí mi sí ìdílé Àyàn o, ẹ má bá mi wí. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni bàbá mi fi mí sọ́dọ̀ onílù kan ní Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Ohun tó gbé mi dé ibí rèé. Wọ́n pè wá sí ìnáwó kan ní Garki, a bá àwọn onílù Hausa níbẹ̀ pẹ̀lú kalangu. Ìlù wọn àti tèmi, ọmọ ìyá ni: ìbàdí tóóró, ojú méjì, ọ̀ṣán yí i ká, abẹ́ abíyá ni wọ́n ń gbé e sí. Mo yá a lù. Apá mi kò mọ ọ̀nà rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo fídíò lóru: mo rí ti Gánà, mo rí ti Sẹ̀nẹ̀gàl, mo rí ti Íńdíà, mo tún rí ti Jàpáánì tí wọ́n gbé lé èjìká bí ẹni gbé ọmọ.

Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ rìn ín ni, wíwò lórí fóònù ti sú mi. Mo fẹ́ jókòó ti àwọn tó ń lù ú, kí n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí n mọ ohun tó pa àwa àti wọn pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kúbà ni kí n kọ́kọ́ lọ, pé ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Òmíràn ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kí n tó gbé ẹsẹ̀ kankan. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ san owó ilé. (Mo ti san án o.)

Ẹ̀yin tí ẹ ti rin irú ìrìn yìí rí, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n gbé dání? Báwo lẹ ṣe ń wọlé tọ onílù ibòmíràn tí wọn kò fi ní rò pé ẹ wá jí nǹkan wọn gbé?

Alága_Wuse

Àbúrò, ìwọ tí gosiló Kubwa kò jẹ́ kó o tètè dé òde mi ní Asokoro, Jàpáánì lo wá fẹ́ lọ? Mo ń ṣeré ni o, má bínú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ṣe bí ọmọ Abuja. Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba tó wà ní Maitama àti ní àárín ìlú, tí a ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kọjá lójoojúmọ́, wọ́n ní ẹ̀ka àṣà. Àwọn Faransé ní tiwọn. Àwọn ará Kòríà ní ilé àṣà níbí, ìlú wọn sì wà lára àwọn tó ní ìlù tó ò ń wí. Lọ kan ilẹ̀kùn. Bí wọn kò fún ọ lówó, wọ́n á fún ọ ní orúkọ ẹni tó o máa bá, orúkọ ẹni sì sàn ju owó lọ nígbà mìíràn.

Bàbá_Nyanya

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́, kó o má baà rò pé ẹnu lásán ni. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Sabon Gari ní Zaria ni mo dàgbà sí. Tamale, ní àríwá Gánà, ni bàbá mi ti ń ṣòwò tẹ́lẹ̀, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò tó kó ẹrù sórí ọkọ̀ lọ́dún náà kò lóǹkà. Zaria ni bàbá mi ti tún ìsọ̀ ṣí. Dùndún ni iṣẹ́ mi. Jìtá ni mo ń ta jẹun nígbà tí dùndún kò mówó wọlé. Mo ti rìn díẹ̀ nítorí ìlù: Tamale àti Yendi, Dakar, Kerala ní gúúsù Íńdíà. N kò dé Kúbà, n kò dé Jàpáánì.

Ìmọ̀ràn tèmi: má tẹ̀lé ìrísí ìlù. Apá tó ń fún ọ̀ṣán ni kó o tẹ̀lé.

Ìrísí á tàn ọ́ jẹ. Ìlù kan wà ní Papua New Guinea tí wọ́n ń pè ní kundu. Ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n gbẹ́ ìdìmú sí i lára, awọ aláǹgbá ńlá ni wọ́n sì fi bò ó lójú kan ṣoṣo. Kò ní ọ̀ṣán. Apá kò ní ohun tó máa fún. Janggu àwọn ará Kòríà ní okùn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á le; bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ti kúrò lára okùn. Bó o bá ní kó o máa ka gbogbo ìlù tí ìbàdí rẹ̀ tóóró, wàá kó ayé jọ sínú àpò kan, o kò sì ní mọ nǹkan kan nípa èyí tó wà lábẹ́ abíyá rẹ.

Nítorí náà, níbikíbi tó o bá dé, béèrè pé kí ni apá ń ṣe níbí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ló ń ṣe. Bí a bá fún ọ̀ṣán, ohùn òkè. Bí a bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ohùn àárín. Bí a bá tú u sílẹ̀, ìsàlẹ̀. Bí a bá sì ń fún un lọ lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ ti balẹ̀, ohùn á yọ́ gòkè. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló ń gbọ́ ọ. Ṣé o rí i pé ìwọ àti àwọn onílù Hausa yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà bí ìlù yín tilẹ̀ jọra?

Zaria ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Kaduna máa ń dúró ní Kubwa níbẹ̀ yẹn. Sọ̀ ní Rigasa, kó o wọ mọ́tò lọ. Ìlù àwọn alápatà ni kalangu láyé àtijọ́, kó tó di ti gbogbo ayé. Mamman Shata tó kú ní 1999, kalangu ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń gbè é. O rí ìlù kékeré tí wọ́n so mọ́ ara ìlù ńlá yẹn? Dan karbi ni wọ́n ń pè é. Gángan kò ní in. Ó jọ pé ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú fún ọ ní Garki: kọ̀ǹgọ́ gbọ́dọ̀ máa fò láti ojú ńlá sí ojú kékeré, ìwọ sì ń fi apá wá ohùn mẹ́ta. Hausa ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, kò ní àárín. Ohun tí apá rẹ ń wá kò sí níbẹ̀.

Má kọ́kọ́ lọ sí ààfin. Ìlù ààfin yàtọ̀, jauje àti kotso, pẹ̀lú fèrè kakaki àti algaita, àwọn olóyè ló sì ń darí wọn. Àwọn tó ń fọn kakaki ní olórí, Sarkin Busa. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lu òde ìgbéyàwó ni kó o kọ́kọ́ jókòó sí. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́ tán, àwọn náà ni yóò mú ọ dé ààfin. Mú obì gooro dání. Kí o tó béèrè ohunkóhun, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bó o ṣe ń lù. Onílù kì í bẹ̀rù onílù. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ dání tí kò gbé ìlù ni wọ́n ń fura sí.

Láti ibẹ̀, Tamale. Àwọn Dagomba ní ìlù tí wọ́n ń pè ní luna, ìdílé tó ń lù ú ni lunsi. Wọ́n ní Bizung, ọmọ ọba kan, ni baba ńlá gbogbo wọn, bí àwa náà ṣe ní Àyàn Àgalú. Èdè wọn ní ohùn, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé bí òun bá ti ṣí ìsọ̀ ní Tamale lọ́jọ́ ọjà, onílù kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi ìlù ki òun dé orí bàbá bàbá òun. Àsọdùn ni mo kà á sí.

Mo dé ọ̀dọ̀ àgbà onílù kan níbẹ̀, abẹ́ igi la jókòó sí, ọmọ rẹ̀ ń ṣe ògbufọ̀ fún wa ní Hausa. Mo gbé dùndún mi jáde, mo lu gbólóhùn kan, n kò sọ ohun tó jẹ́. Bàbá náà di ojú, ó ní kí n tún un lù. Mo tún un lù. Ó fa luna rẹ̀ mọ́ abẹ́ abíyá, ó sì lù ú padà fún mi, òkè sí òkè, ìsàlẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ohùn mi ti yọ́, tirẹ̀ náà yọ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Bàbá ta ni ò ń pè yẹn?” Kò gbọ́ Yorùbá ẹyọ kan. Oríkì bàbá mi ni mo lù. Báyìí náà ni wọ́n ń pe orúkọ lọ́dọ̀ wọn: gbólóhùn gígùn, wọ́n á tún un lù, wọ́n á fi ti bàbá rẹ̀ lé e, wọ́n á tún fi ti bàbá bàbá rẹ̀ lé ìyẹn. Etí rẹ̀ ti gbọ́ pé orúkọ èèyàn ni, kó tó mọ èdè tó jẹ́. Mo wá ranti ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ bàbá mi.

Oríkì kan náà yẹn ni mo lù fún alátama kan ní Dakar. Tama kéré sí gángan, wọ́n á há a mọ́ abẹ́ abíyá gírígírí, ọwọ́ kan á di kọ̀ǹgọ́ mú, ìka ọwọ́ kejì náà á máa lu awọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó dára, ó ní kí n tún un ṣe, ó sì fi ìlù tirẹ̀ dá a lóhùn lọ́nà tó yá kánkán tí n kò lè bá a. Ṣùgbọ́n kò bi mí pé ta ni mò ń pè. Wolof kì í ṣe èdè olóhùn. Sọ ọ̀rọ̀ sókè, sọ ọ́ sísàlẹ̀, ìtumọ̀ kò yí. Ìlù wọn náà ń sọ̀rọ̀ o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò sọ̀rọ̀. Sabar, ìlù wọn mìíràn, náà ní gbólóhùn tí gbogbo àwọn tó wà lágbo mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn sí, bó ṣe kúrú sí, bí ọwọ́ ṣe balẹ̀ lórí awọ, ohun tó ń gbé e nìyẹn. Apá tó ń fún ọ̀ṣán lọ́dọ̀ tiwọn, ó ń fi iyọ̀ sí i ni. Lọ́dọ̀ tiwa, bí apá bá ṣìnà, o ti pe ọba ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Kerala ló yà mí lẹ́nu jù. Ìlù tí wọ́n ń pè ní idakka, nínú àgbàlá tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ti ń lù ú. Èjìká ni wọ́n fi ń gbé e kọ́, kọ̀ǹgọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń lù ú, ọwọ́ kejì á wà lára okùn, á máa tì í, á máa fà á. Ìdì òwú aláràbarà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló rọ̀ mọ́ ọn lára, mẹ́rìndínlógún lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀pá mẹ́rin tó wà lára ìlù náà. Wọ́n ní iye ọgbọ́n ọnà tó wà láyé nìyẹn. Ìlù yẹn ń kọrin. Olórin á dúró nítòsí àtẹ̀gùn ojúbọ, á gbé orin, idakka á sì máa bá a lọ ní ohùn dé ohùn, kì í ṣe ní ìlù nìkan. Mo lu oríkì bàbá mi fún onídakka kan. Ó fi imú hùn ún tẹ̀lé mi, ó sì béèrè irú ràgá, ìyẹn irú ètò ohùn orin wọn, tó jẹ́.

Ọ̀kan mọ̀ pé orúkọ ni, ọ̀kan gba ìlù nínú rẹ̀, ọ̀kan gba orin. Ohun tí mo fi owó ọkọ̀ rà nìyẹn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ti Kúbà: bàtá ni wàá bá níbẹ̀, kò sí ọ̀ṣán tí apá ń fún. Fi í sẹ́yìn.

Ti yunifásítì: ojú méjèèjì ló ní. Bartók, ará Húńgárì tó jẹ́ aludùrù àti akọrinsílẹ̀, gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ oníìda lọ sí agbègbè Biskra ní Àlgéríà ní 1913, ó sì tún dé Tọ́kì ní 1936 pẹ̀lú olórin ibẹ̀, Saygun. Etí rẹ̀ ló ń mú un rìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba tiwa, tó lọ sí ọ̀run ní 2020, orí dùndún ló ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lé, Legon ní Gánà ló sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1974. Bó o bá fẹ́ kọ ìwé, yunifásítì á ràn ọ́ lọ́wọ́. Bó o bá fẹ́ lu ìlù, dúró ná.

Àdìgún_Kano

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ rere. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Kúbà yẹn, n kò fara mọ́ ọn.

Mo ti dé Havana àti Matanzas. Òótọ́ ni pé bàtá ni, òótọ́ ni pé kò sí fífún. Orí itan ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n jókòó, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbá ojú méjèèjì. Àwa ń gbé e kọ́ ọrùn, a sì ń fi bílálà na ṣáṣá, ojú kékeré rẹ̀. Mẹ́ta ni tiwọn: iyá, itótele, okónkolo. Àmọ́ ohun tí àbúrò wa ń wá, ibẹ̀ gan-an ló wà. Àwọn èèyàn yẹn kò sọ Yorùbá nílé mọ́. Wọ́n ń fi Spanish bá ìyá wọn jà, wọ́n ń fi Spanish ra búrẹ́dì. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lanu kọrin, àwọn onílù mẹ́ta yẹn á jókòó síwájú ojúbọ, wọ́n á fi ìlù nìkan kí àwọn òrìṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, Ẹlẹ́gbára lákọ̀ọ́kọ́. Èdè ti kúrò lẹ́nu, ó ṣẹ́kù sọ́wọ́. Bí ẹ bá ní ká béèrè ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ìyẹn kò ha tó béèrè?

Àbúrò, bó o bá lọ, mọ̀ pé bàtá méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ti ṣe ètùtù sí, tí Àyàn wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá tíì wọ ẹgbẹ́ wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò ní Àyàn, aberikulá, ni wọ́n fi ń kọ́ àlejò. Má sọ fún wọn pé ọmọ Yorùbá ni ọ́ kí wọ́n lè jẹ́ kó o fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Wọ́n á yẹ́ ọ sí, wọ́n á fún ọ lóúnjẹ, wọn kò sì ní jẹ́ kó o fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin ará Abuja, bí ẹ bá gba Kano kọjá, ẹ yà wá gbọ́ gòjé. Irun ẹṣin ni okùn rẹ̀, igbá ni ara rẹ̀, awọ awọ́nríwọ́n ni wọ́n fi bò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yusuf Olatunji nílé àwọn bàbá yín, ọ̀dọ̀ àwọn ará ibí ni gòjé inú sákárà ti wá.

ÌyáTọ́lá

Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Jàpáánì tẹ́ ẹ fò. Èmi kì í lu nǹkan kan, olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Gwarinpa, ṣùgbọ́n Kyoto ni mo ti kàwé, màmá onílé mi níbẹ̀ sì fẹ́ràn nō, eré orí ìtàgé ìbílẹ̀ wọn, débi pé ó máa ń fà mí lọ.

Ìlù méjì tí ìbàdí wọn tóóró ló wà nínú eré náà. Èyí tí GángánKubwa rí lórí èjìká ni ko-tsuzumi. Igi ṣẹ́rì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, awọ ẹṣin ni wọ́n fi bò ó. Èjìká ọ̀tún ló máa ń wà, ọwọ́ òsì á di okùn mú, ìka ọwọ́ ọ̀tún á sì gbá a. Kò sí kọ̀ǹgọ́. Ọwọ́ òsì á fún okùn, á dẹ̀ ẹ́, ìró á sì yọ́ díẹ̀ kó tó kú. Láàárín eré, ẹ máa rí onílù náà tó gbé awọ súnmọ́ ẹnu, á mí èémí gbígbóná sí i. Á já ìwé pélébé kan, á fi itọ́ rin ín, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ẹ̀yìn. Awọ gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ kò ní dáa.

Èkejì ni ō-tsuzumi, orí itan òsì ló ń wà. Tirẹ̀, wọ́n á ti fi awọ rẹ̀ yá iná èédú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó lè gbẹ pátápátá kó sì le. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn onílù méjèèjì ń jókòó sí o! Ọ̀kan ń wá omi, ọ̀kan ń sá fún un. Wọ́n á sì máa ké láàárín lílù, “yo!”, “ho!”, igbe náà wà lára orin, kì í ṣe pé inú ń bí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé nǹkan ta onílù náà ni.

Bàbá, apá wo lẹ máa fi èyí sí? Kì í ṣe ọ̀rọ̀, kì í ṣe orin.

Bàbá_Nyanya

Ìyá Tọ́lá, ẹ ṣeun gan-an. N kò rí i sójú, n kò ní dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kí n mọ ìdí tí dùndún mi fi ń dún gbẹrẹfu ní oṣù Òkúdù tó sì ń ké fínnífínní nígbà ọyẹ́. Àwọn ará Jàpáánì ti rí ọ̀nà bọ́ lọ́wọ́ ojú ọjọ́. Àwa ń gbé e sóòrùn, a ń rojọ́.

Àdìgún, o wí ire. “Èdè ti kúrò lẹ́nu, ó ṣẹ́kù sọ́wọ́.” Mo ṣì ní kó kọ́kọ́ lọ sí Zaria.

GángánKubwa

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyàwó mi, ó ní Zaria kò burú, ó sún mọ́lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè díẹ̀ ló kù. Bàbá, ṣé fóònù tó láti gba ohùn sílẹ̀? Ta ló ni ohun tí mo bá gbà? Báwo lẹ ṣe ń gbé ìlù wọ ọkọ̀ òfurufú? Ó kù díẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú kan gba kọ̀ǹgọ́ mi lọ́wọ́ mi nígbà kan, ó ní ohun ìjà ni.

Bàbá_Nyanya

Kọ̀ǹgọ́, inú àpótí tó ń lọ sábẹ́ bàálù ni kó o máa fi sí. Ìlù gan-an, gbé e dání bí wọ́n bá gbà; bí wọn kò bá gbà, tú ṣaworo kúrò, fi aṣọ wé ojú méjèèjì, kó o sì fi aṣọ di àyè tó kù nínú àpótí. Má fa ọ̀ṣán le kó o tó gbé e. Òtútù òkè lọ́hùn-ún kò dára fún awọ tó ti le.

Fóònù á gba ohùn, ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti ké, á dún fọ́. Ra ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré, irú èyí tí àwọn oníròyìn ń lò, kó o gbà á ní WAV, má lo MP3. Mú kànrìnkàn tí wọ́n fi ń bo gbohùngbohùn dání, atẹ́gùn ọyẹ́ ní Kano kò mọ àgbà. Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó o dà á sórí kọ̀ǹpútà kó o tó sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló le jù. Èyí tí púpọ̀ ń gbàgbé ni pé bí onílù bá lù ú tán, kó o ní kó fi ẹnu sọ ohun tó lù; kó tún un lù; kó tún un sọ. Bí o kò bá gba ti ẹnu pọ̀ mọ́ ti ìlù, wàá délé, wàá ní ohùn tó dùn tí o kò mọ ohun tó wí. Kó sì sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ohun tó gbà kó o fi ohùn náà ṣe, ní èdè tirẹ̀, lórí ẹ̀rọ kan náà. Òun ló ni ín. Bó o bá máa fi sínú àwo orin tàbí gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, padà lọ béèrè. Owó iṣẹ́ rẹ̀, san án kó tó bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kó dàbí ìtọrẹ. Ní Dagbon, ilẹ̀ àwọn Dagomba, wọ́n máa ń fi ìlù sọ ìtàn àwọn ọba níwájú ààfin títí ilẹ̀ fi ń mọ́, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún. O lè jókòó gbọ́ ọ. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kì í sọ láìṣe ètùtù. Bí wọ́n bá ní kó o pa ẹ̀rọ, pa á.

Ìwé: ọmọ ECOWAS ni wá, àádọ́rùn-ún ọjọ́ lo lè lò ní Gánà tàbí Sẹ̀nẹ̀gàl láìgba físà. Mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú pọ́njú dání, èyí tó jẹ́ ojúlówó. Íńdíà, físà ni.

Ọ̀kan kù, torí mo mọ̀ pé wàá ra ìlù. Tama àtijọ́ àti gòjé, awọ awọ́nríwọ́n ló wà lójú wọn. Ẹranko yẹn wà lábẹ́ àdéhùn CITES, èyí tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹran ìgbẹ́ àti awọ wọn kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Bí o kò bá gba ìwé àṣẹ, aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó máa gbà á padà. Sọ fún ẹni tó ń ṣe tama ní Dakar pé awọ ewúrẹ́ lo fẹ́. Á ní ohùn rẹ̀ kò ní mú tó ti àtijọ́, òótọ́ ló sì sọ. Rà á bẹ́ẹ̀.